Ìdáhùn tí Bàbá Àtúnṣe Fi Ìrésà Pa Rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bù mọ́ ọn, kí n má yọ níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún èdè kan ṣe, èdè tó jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ló ń sọ ọ́ láyé yìí, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ tí àbúrò náà fi èdè yẹn pè é, kò rí èsì fún un. Kì í ṣe ogbó ló mú un gbàgbé o. Àtúnṣe ló ṣe é.

Nílé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá Àtúnṣe ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló ń ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Tábìlì rẹ̀ wà nídìí fèrèsé, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gé bébà. Bírò pupa mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, pẹ́ńsù kan tó máa ń gbẹ́ títí yóò fi mú, àti ìrésà funfun kan. Ohun tó kórìíra jù lọ ni kí àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀ jọ wà lójú ìwé kan náà. "Nígbà tí o ti rí èyí tó dáa," a máa wí fáwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, "kí lo tún ń fi èyí tí ò dáa ṣe?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní lọ́jọ́ tí Bàbá Àtúnṣe bá kú, ó máa kọ́kọ́ ka ìwé ìkéde òkú ara rẹ̀, ó sì máa dá a padà fún wọn pé kí wọ́n lọ tún un kọ.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yẹn, ìwé nóòtì kan wà tó fi pẹ́ńsù kọ látòkè délẹ̀. Inú rẹ̀ ni èdè náà wà. Èdè Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sọ ọ́, nítorí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Bàbá tó bí wọn, iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe. Ó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan lóru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Ìyá wọn a ti jáde lọ fọ aṣọ fún àwọn onílé ńlá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó wá ku ọmọ méjì nínú yàrá méjì pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń sùn, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ìró kankan. Ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀ ti tó jí i. Ọmọ tó bá jí i, yàrá ẹrù ló ń lọ, yàrá kótópó kan tí wọ́n ń kó kẹrosíìnì àti àpótí àtijọ́ sí, tí kò ní fèrèsé. Bàbá á ti ọmọ mọ́bẹ̀, á ju kọ́kọ́rọ́ sápò, á padà lọ sùn. Nígbà míì, ó ń tó wákàtí mẹ́rin kó tó rántí pé òun ti ọmọ mọ́lé.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, àbúrò jẹ́ mẹ́jọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án, wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun èdè. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe òfin, àbúrò ló ń dá ọ̀rọ̀. Àbúrò ló ní kí wọ́n fi "z", ìró tí oyin máa ń ké, sí i, èyí tí kò sí nínú èdè tí wọ́n ń sọ nílé. "Bí Bàbá bá gbọ́, wọ́n á rò pé kòkòrò ni," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì ni èyí tí ènìyàn fi ń pe ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Èdè ilé ní "àwa" kan ṣoṣo, kò sì tó wọn. Àwa tí Bàbá wà nínú rẹ̀ àti àwa tí Bàbá ò sí nínú rẹ̀, ta ló máa kó méjèèjì sínú àpò kan? Wọ́n yà wọ́n. "Kilu" ni èmi àti ìwọ nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò lè bọ́ sáàárín wa. "Tiru" ni gbogbo ará ilé. Ẹni tó bá sì wà nítòsí tí kò gbọdọ̀ gbọ́, "zo" ni wọ́n ń pè é, láìsí ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀. Nínú gbogbo ayé wọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan ni ọmọ ti lè pe bàbá rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ.

Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Bí Bàbá bá ti ọ̀kan nínú wọn mọ́ yàrá ẹrù, tó sì ti padà lọ sùn, ẹni tó wà nínú òkùnkùn á fi ìka kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Kilu zawe?" Ìyẹn ni pé, ṣé àwa méjì ṣì wà? Ẹni tó wà níta gbọ́dọ̀ dáhùn, bó ti wù kí ẹ̀rù bà á tó. Gbólóhùn kékeré ni ìdáhùn náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lọ ibì kankan. Tó bá ti gbọ́ ìyẹn, òkùnkùn inú ibẹ̀ á dín kù. Kí n má parọ́ fún yín, kì í dín kù. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ló kàn ń lè mí.

Nígbà tó yá, Bàbá wọn kú, wọ́n sì kó kúrò nílé náà. Àbúrò kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, ó lọ́kọ, ó bá ọkọ lọ sí ìlú míì. Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ ìyàwó kan, ìyàwó dúró fún ọdún méjì, ó ní òun ò lè máa bá ìrésà du ọkọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé nóòtì yẹn ló kù fún un.

Lọ́dún kan, ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan dé orí tábìlì rẹ̀ fún àtúnṣe. Ó ń ṣàlàyé bí èdè ṣe ń dàgbà: bí ìró ṣe ń yí lẹ́nu àwọn ọmọ tó fi yàtọ̀ sí ti ẹnu àwọn bàbá wọn, bí ìró kan ṣe ń gbé òmíràn mì. Bàbá Àtúnṣe kà á tán, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó wo Èdè Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì, ó rí i pé bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ló ṣe wà. Èdè tí kò gbó, ó ní, eré ọmọdé ni. Ó sì pinnu pé òun máa mú un gbó.

Ó ṣòfin. Gbogbo "k" àti "t" tó bá ṣáájú "i" tàbí "e", kó di "s". Gbogbo "l" àti "r" tó bá há sáàárín fáwẹ̀lì méjì, kó pòórá. Fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé "n" níparí ọ̀rọ̀, kó já dànù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti paná ẹ̀rọ, á ṣí ìwé nóòtì, á fi ìrésà pa ti àtijọ́ rẹ́, á fẹ́ ẹ̀gbin ìrésà kúrò, á kọ tuntun sójú kan náà. Kò ṣe ẹ̀dà kankan. Kí ló fẹ́ fi èyí tí ò dáa mọ́ ṣe? "Kilu" di "siu." "Tiru" náà di "siu." Àwa tí Bàbá wà nínú rẹ̀ àti àwa tí kò sí nínú rẹ̀ wá di ìkan náà. Ẹlòmíràn ì bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, kó bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń ṣe yìí. Bàbá Àtúnṣe, inú rẹ̀ ló dùn. Ó ní bí èdè gidi ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ míì sì wà tí òfin kankan ò kàn, tó kàn jẹ́ pé kò dùn létí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó fi gbé òmíràn sípò rẹ̀, tí kò sì rántí mọ́ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìgbà yẹn, àbúrò ń kọ lẹ́tà sí i, èdè wọn ló sì fi ń kọ ọ́. Lẹ́tà kìíní ni èyí tó fi sọ fún un pé òun ti bímọ obìnrin. "Kilu" kún inú rẹ̀. Bàbá Àtúnṣe kà á, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bó ṣe mú bírò pupa nìyẹn. Ó fa ìlà nípọnnípọn gba orí gbogbo "kilu" kọjá, ó kọ "siu" lé e, ó fi òfin tuntun sínú àpòòwé kan náà, ó dá lẹ́tà padà sí obìnrin tó ń tọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì. Nísàlẹ̀ ìkẹta, ó ka àṣìṣe, ó kọ iye rẹ̀ síbẹ̀: mọ́kàndínlógójì. Ìkẹrin tó dé, èdè ilé ni wọ́n fi kọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo wa wà dáadáa, ọmọ ti ń jókòó. Ẹ má bínú, mi ò gbọ́n tó èdè yín mọ́."

Èdè yín, ó ní. Kò pè é ní èdè wa. Bàbá Àtúnṣe kà á kọjá. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjì.

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn kí tẹlifóònù ilé ìtẹ̀wé tó dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn ló pè. Ó ti di àgbà obìnrin, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ìpè àwọn tí iná wọn kú, tó máa ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ á fi dé. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé, bàbá rẹ̀ ti ṣaláìsí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀," ó wí. "Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu Mọ́mì. Ọjọ́ kẹrin rèé, wọn ò tíì la ẹnu."

Bàbá Àtúnṣe wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìwé nóòtì wà nínú báàgì rẹ̀. Ibi tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ. Ó dé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lọ́wọ́ àárọ̀, ọmọ náà ti lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá ògiri ni wọ́n tẹ́ àbúrò rẹ̀ sí. Ẹnu rẹ̀ ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí aṣọ ìbora bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Àmọ́ bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi ìka kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì.

"Kilu zawe?"

Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yíjú. "Háà, wọ́n sọ̀rọ̀," ó ní. Ó tẹ́tí sí i, ó mi orí. "Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, Bàbá. Àwọn tí àrùn yìí bá kọ lù máa ń wí ìràn-ǹ-rán báyìí."

"Kì í ṣe ìràn-ǹ-rán," Bàbá Àtúnṣe dá a lóhùn, ó sì nà ró. "Èdè ni."

Ẹ wò ó, ìgbéraga wà lójú rẹ̀ bó ti ń wí i. Ó tẹ̀ mọ́ etí àbúrò rẹ̀, ó fún un ní ìdáhùn bó ṣe wà nínú ìwé nóòtì: "Seo min zau."

Àbúrò wò ó. Ó tún kan irin. "Kilu zawe?"

"Seo min zau," ó tún un wí, ó fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọdé.

Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣi ilé yà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri.

 Ìgbà yẹn ló tó yé Bàbá Àtúnṣe pé ohun tí àbúrò rẹ̀ mọ̀ kọ́ nìyẹn, pé ohun tó wà létí obìnrin yìí ni ti yàrá ẹrù, ti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó wá ti àtijọ́ lọ sínú orí, kò bá a. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí, ohùn rẹ̀ ni kò sí. Ó fi èdè ilé wí i: "Mo wà níbí, àbúrò mi. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lọ ibì kankan." Obìnrin náà ò yíjú. Dókítà ṣàlàyé fún un lọ́sàn-án pé àìsàn náà ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lórí, pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ń sọ fún un, bí òjò orí páànù ló máa rí létí rẹ̀. Bóyá nǹkan díẹ̀ kù láti ìgbà èwe. Bóyá.

Lágogo mẹ́rin, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó máa ń gbé e sùn di ọjọ́ kejì. Lágogo márùn-ún, ọmọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó pàdé Bàbá Àtúnṣe lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, nọ́ọ̀sì ní wọ́n sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n rí yín. Kí ni wọ́n wí?"

Ojú ti Bàbá Àtúnṣe. Báwo ló ṣe máa wí i? Pé òun tó fi gbogbo ayé òun tọ́jú èdè náà ò mọ èsì ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ?

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ó ní. "Mo ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Tí mo bá parí, màá túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ."

"Ẹ kúkú wí i fún mi bó ṣe rí lẹ́nu wọn. Ẹnì kan ò mọ̀."

"Kì í ṣe nǹkan tó o lè mọ̀. Wọn ò tíì bí ẹ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, Bàbá, tàgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè."

"Èyí kì í ṣe kèrègbè," Bàbá Àtúnṣe wí, ó sì kọjá lọ.

Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Òun ló ni ojúmọmọ, ọmọ ló ni ìrọ̀lẹ́. Ọmọ á dé bá ìyá rẹ̀ lójú oorun, á fi òróró pa á lọ́wọ́, á ya irun rẹ̀, á jókòó tì í títí wọ́n á fi ní kí àlejò máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àtúnṣe béèrè bóyá ìyá rẹ̀ tọ́jú àwọn lẹ́tà kan. Ọmọ ní òun ò mọ lẹ́tà kankan, àmọ́ Mọ́mì kì í ju bébà nù, wọ́n máa ń fi gé àpẹẹrẹ kọ́là ni. Ó gbé ọ̀rá kan wá. Àpẹẹrẹ kọ́là àti ti ọrùn ọwọ́ ló kún inú rẹ̀, bírò pupa sì wà lára púpọ̀ nínú wọn. Bàbá Àtúnṣe tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, ó ń gbé wọn kọjú sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlùmọ́gàjí ti gé gbólóhùn sí méjì, sí mẹ́ta. Níbi tí àlùmọ́gàjí ò dé, bírò pupa ti débẹ̀. Kò rí nǹkan kan kà lábẹ́ ìlà náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bó bá pa ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á kú.

Ó wá padà sórí òfin. Ó ní bí òfin bá mú wa wá, ó yẹ kí òfin lè mú wa padà. Ó jókòó, ó ń tú u. "Seo": "s" yẹn lè ti jẹ́ "k", ó lè ti jẹ́ "t". Ohun tó pòórá láàárín lè jẹ́ "l", ó lè jẹ́ "r". Mẹ́rin nìyẹn. "Min" ti pàdánù fáwẹ̀lì kan, fáwẹ̀lì méje ló sì wà. "Zau" náà ní ihò tirẹ̀ láàárín. Ó rò ó pọ̀, ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ìdáhùn, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òtítọ́. Tí okùn méjì bá ti di ọ̀kan, ta ló máa sọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan? Ó fi ọwọ́ tó mọ́ kọ gbogbo wọn sínú bébà, ó fi nọ́ńbà sí wọn. Ó pinnu láti máa ka mẹ́wàá lójúmọ́, kó má baà da nǹkan rú mọ́ aláìsàn lórí. Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tí ilé ń jó ń to bùkẹ́ẹ̀tì ní ìlà.

Lójoojúmọ́, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò á kan irin lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Kilu zawe?" Òun á ka nọ́ńbà tó kàn, "Kelo mina zaru," á wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Á fi pẹ́ńsù sàmì sí i. "Tero mine zalu." Kò sí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wọlé, á dákẹ́ títí yóò fi jáde, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ níbi tó ti ń tàsé. Lọ́jọ́ kẹta tó ti ń kà á, ohùn obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sọ ọ́ jáde mọ́, ìka nìkan ló ń kàn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń kàn án, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi ń dà níbẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ etí sálẹ̀. Bàbá Àtúnṣe ka àádọ́ta pé. Agogo mẹ́rin lù. Ó ku mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, Bàbá Àtúnṣe ká bébà rẹ̀, ó ní, ó di ọ̀la.

Nígbà tó dé ní ọ̀la, wọ́n ti ká mátírẹ́ẹ̀sì. Irin bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," nọ́ọ̀sì wí. "Àfẹ̀mọ́jú ni. Wọ́n jí kí àsìkò tó tó, wọ́n sì ń fi ìka kan irin yìí ṣáá. A fún wọn lómi, wọn ò mu ún. A ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá Àtúnṣe fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí bébà rẹ̀, ó ka mẹ́fà tó kù náà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ògiri.

Wọ́n sin obìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n padà wá bá ọmọ palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ nilé náà. Ọmọ wà nínú yàrá, ó ń ká aṣọ sínú àpótí, ilẹ̀kùn pa dé díẹ̀. Bàbá Àtúnṣe jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní pálọ̀. Òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà. Aṣọ tí kò parí ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ ọmọdé kan, kọ́là rẹ̀ ò tíì wọlé. Gbogbo rẹ̀ tojú sú u. Kò mọ̀gbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra tó kan pákó ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò mọ̀gbà tó la ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti fi ìrésà pa á rẹ́, kò wí i bẹ́ẹ̀ rí, ẹnu àbúrò rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ ọ ní ọsibítù.

"Kilu zawe?"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn kan dá a lóhùn láìdúró ronú, bí ẹni tó ń ṣe nǹkan míì lọ́wọ́:

"Gube mina zalu."

Bàbá Àtúnṣe yíjú sí ilẹ̀kùn náà. "Kí lo wí?" ó ní.

Ọmọ jáde sí pálọ̀, bùláòsì ìyá rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ pè, mo dáhùn. Ṣé Mọ́mì kọ́ ẹ̀yin náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Nígbà tí mo kéré, ẹ̀rù balùwẹ̀ máa ń bà mí. Mọ́mì á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màá kan ilẹ̀kùn, màá pè, wọ́n á dáhùn. Nígbà tí mo dàgbà, àwọn ló wá ń pè, tí mo bá ń pẹ́ jù nínú yàrá. Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn yẹn dé gan-an, wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. Eré tiwa ni. Kí ló túmọ̀ sí?"

Bàbá Àtúnṣe ti yọ bébà rẹ̀. Ó fi ìka wá a láti nọ́ńbà kìíní dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Kò sí níbẹ̀. "Gube" ò sí níbì kankan. Ó ti pa á rẹ́ lọ́dún kan, kì í ṣe òfin ló pa á, kò kàn dùn mọ́ ọn létí ni. Bó bá tiẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ lójúmọ́ kan, kò ní kàn án.

Ọmọ wo bébà náà, ó wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ohun tí wọ́n ń wí ní ọsibítù nìyẹn?"

 Bàbá Àtúnṣe wo ilẹ̀. Kò sí ìrésà tó lè gba ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun ni," ó wí.

"Gbogbo ọjọ́ yẹn?"

"Gbogbo ọjọ́ yẹn."

Ọmọ ò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. "Mo bi yín lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù," ó ní. "Mo ní kí ẹ wí i fún mi bó ṣe rí." Ó ká bùláòsì náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin. "Wọ́n ń pè mí, Bàbá. Tí kì í bá tiẹ̀ ṣe èmi gan-an ni wọ́n ń pè, mo mọ èsì ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni kí n máa dá àwọn tó wà lókùnkùn lóhùn."

Ó yí padà, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò fi agbára tì í. Bàbá Àtúnṣe gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yí.

Ó jókòó títí oòrùn fi kúrò lórí pákó ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Kilu zawe?" ó ní.

Ó dúró. Ó gbọ́ ìró aṣọ tí wọ́n ń ká nínú yàrá, ó gbọ́ ìró àpótí tí wọ́n ń pa dé. Ó tún kàn án, ó tún un wí, ó sì fi etí lé pákó.